Ẹ Má Fi Ìṣáná Dán An Wò

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Létà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, àmọ́ ọ̀kan wà níbẹ̀ tí ò jẹ́ kí n sùn lọ́jọ́ tí mo kà á, mo ti pe ẹni tó kọ ọ́ lórí fóònù kí n tó jókòó kọ ohunkóhun, òun náà ló sì ní kí n gbé e jáde káwọn ẹlòmíì lè rí i kà. Òun ni mo máa kọ́kọ́ dáhùn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Dúrọ́ọ̀mù, jẹ́ríkéènì, páànù, gbogbo nǹkan tílé iṣẹ́ ò bá lò mọ́ ni mò ń rà tí mò ń tún tà ní Ìkòròdú níbí. Ilé iṣẹ́ ọ̀dà kan tó ti kógbá wọlé lápá Odogunyan ló ń ta ẹrù tó kù nílẹ̀, mo ra dúrọ́ọ̀mù mọ́kànlá. Méje ṣófo, mẹ́rin kún. Ọmọ mi ṣí ọ̀kan, nǹkan funfun ló wà níbẹ̀, ó rí bí òwú tí wọ́n já sí wẹ́wẹ́, ó gbẹ dáadáa, kò rùn. Ìwé ara ẹ̀ ti ya, NITRO nìkan la rí kà. Ẹnìkan ní kẹ́míkà olówó ńlá ni, ẹlòmíì ní ó lè bú mọ́ wa lọ́wọ́. Ọmọ mi wá ní ká bu díẹ̀ sórí ẹyín iná ká wò ó, tí ò bá ti bú, a jẹ́ pé kò sí wàhálà, ká wá oníbàárà. Mo ní kó dúró ná kí n bi yín. Báwo làwọn lábù ṣe ń mọ̀ gan-an, ṣé a ò lè ṣe é fúnra wa? (Bàbá Rìdíwánù, Ìkòròdú)

ÌDÁHÙN: Bàbá wa, ẹ ṣeun gan-an tẹ́ ẹ ní kó dúró. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín lórí fóònù ni mo tún fẹ́ sọ ọ́ níbí: ẹ má bu díẹ̀, ẹ má jó díẹ̀, ẹ má lù ú, ẹ má yí dúrọ́ọ̀mù yẹn nílẹ̀, èyí tí wọ́n ti ṣí ẹ má gbìyànjú àtipa á dé, àwọn mẹ́ta tó kù ẹ má fọwọ́ kan ọmọrí wọn rárá. Kí gbogbo ará ilé kúrò nítòsí, kẹ́nikẹ́ni má dá iná tàbí mu sìgá níbẹ̀, kẹ́ ẹ pe 767 tàbí 112, nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó ni méjèèjì, ẹ sọ pé ilé iṣẹ́ ọ̀dà lẹrù náà ti wá, pé NITRO wà lára ẹ̀, pé ó ti gbẹ. "Ó ti gbẹ" yẹn ẹ má gbàgbé ẹ̀ o, òun ló ṣe pàtàkì jù. Mo mọ̀ pé ẹ ti pè wọ́n, mo sì dúpẹ́, torí ẹlòmíì tó lè bá irú ẹ̀ pàdé lọ́la ni mo ṣe ń tún un kọ.

Kò sẹ́ni tó lè jókòó sílé kó fi létà mọ ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù. Àmọ́ ilé iṣẹ́ ọ̀dà, nǹkan funfun bí òwú, NITRO, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni nitrocellulose. Àwọn tó ń kun mọ́tò ń lo ọ̀dà tó ní in nínú, ó wà nínú ọ̀dà èékánná táwọn obìnrin ń lò pẹ̀lú. Ọjà tí wọ́n ń rà tí wọ́n ń tà ni, àmọ́ tútù ni wọ́n máa ń gbé e kiri, wọ́n á fi omi tàbí ọtí rin ín, ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ẹ̀ á jẹ́ omi tàbí ọtí yẹn. Tí dúrọ́ọ̀mù bá wá jókòó sínú ooru lọ́dún dé ọdún, tí ọmọrí ẹ̀ ò dé dáadáa, ọtí yẹn á fẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀, ohun tó máa ṣẹ́kù kì í ṣe ohun tí wọ́n rà mọ́. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní èbúté Tianjin ní Ṣáínà nìyẹn, lọ́jọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 2015: nitrocellulose inú kọ̀ńténà gbẹ, ooru mú un, ó gbiná fúnra ẹ̀, iná yẹn ló wá ran ammonium nitrate, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀, tí wọ́n kó síbi kan náà, èèyàn 165 kú, wọn ò rí mẹ́jọ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ẹyín iná tọ́mọ yín ń sọ. Àwọn ọdẹ wa mọ ọ̀rọ̀ yìí kí lábù tó dé. Ẹ̀tù ìbọn tó bá dà sílẹ̀ tí iná bá kàn án, fùù ni, èéfín funfun, ó tán. Ẹ̀tù kan náà tí wọ́n bá rọ sínú ṣakabùlà tí wọ́n fi ọ̀pá kì mọ́lẹ̀, gbogbo abúlé ló máa gbọ́ ọ. Ẹ̀tù ò yí padà o, ibi tó wà ló yí padà. Nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ooru àti èéfín ẹ̀ rọ́nà lọ, nínú ìbọn kò rọ́nà. Tọ́mọ yín bá wá bu díẹ̀ sórí ẹyín iná tó sì rọra jó, ẹ ó ní kò sí wàhálà, ẹ ó ta á fún ẹlòmíì, òun náà á gbé e wọ mọ́tò gba Ṣágámù Road lọ. Tí ò bá sì rọra jó, dúrọ́ọ̀mù mẹ́rin ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Èyí tó bá jẹ́, kò sí ọ̀kan tó dáa níbẹ̀.

Báwo ni lábù ṣe wá ń ṣe é? Ìwé ìlànà àyẹ̀wò kan wà ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, òun ni wọ́n ń tẹ̀ lé níbi púpọ̀ láyé, ohun tó sì ya èmi náà lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni pé orí bébà ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọn ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Wọ́n á wo bí kẹ́míkà náà ṣe so pọ̀, bóyá àwọn ìdì kan wà lára ẹ̀, àwọn bíi nitro, azide, peroxide, ibi tí ọ́síjìn bá ti so mọ́ ọ́síjìn tàbí tí náítírójìn so mọ́ náítírójìn lọ́nà tí kò fara rọ, irú ìdì bẹ́ẹ̀ dà bí okùn tí wọ́n fà le kọjá bó ṣe yẹ, ọjọ́ tó bá já, gbogbo agbára inú ẹ̀ ló máa tú jáde lẹ́ẹ̀kan. TNT, ohun abúgbàù táwọn ológun ń lò, nitro mẹ́ta ló wà lára ẹ̀. Wọ́n á tún ṣírò ọ́síjìn. Iná tá a fi ń dáná, inú afẹ́fẹ́ ló ti ń mu ọ́síjìn, ìdí nìyẹn tá a fi lè bò ó pa, àmọ́ ohun tó ń bú, tiẹ̀ wà lára ẹ̀, kò dúró de afẹ́fẹ́ ẹnikẹ́ni, bíbò ó mọ́lẹ̀ gan-an ló máa ń bí i nínú. NITRO tẹ́ ẹ rí lára dúrọ́ọ̀mù yẹn, onílábù tó bá kà á, ibẹ̀ ló ti máa dúró táá fọwọ́ lẹ́rán.

Tí ti bébà bá ní ewu lè wà, wọ́n á bu mìlígíráàmù mélòó kan, kò tó iyọ̀ tẹ́ ẹ máa fi orí ìka kan mú, sínú ife irin tí kò tóbi ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ, wọ́n á dé e pa, wọ́n á kì í sínú ẹ̀rọ tó ń mú un gbóná díẹ̀díẹ̀ tó sì ń ka ooru tí kẹ́míkà náà fúnra ẹ̀ ń tú jáde. Tí ooru yẹn ò bá tó 500 joule (joule ni wọ́n fi ń wọn agbára) lórí gíráàmù kan, wọ́n sábà máa ń fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, òòlù kàn.

Òòlù yìí yàtọ̀ sí ti káfíńtà. Irin wíwúwo ni, kílò 1, kílò 5 tàbí kílò 10, ó wà láàárín òpó méjì, wọ́n á fà á dé gíga tí wọ́n fẹ́, wọ́n á jẹ́ kó já lu kẹ́míkà díẹ̀, bíi hóró ìrẹsì méjì, tó wà láàárín irin róbótó méjì. Ẹni tó ń ṣe é wà lẹ́yìn ààbò, ojú àti etí ló ń lò: ṣé ó dún, ṣé iná là, ṣé ó kàn rùn tàbí kó yí àwọ̀, àbí kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n ń ju irin yẹn láti gíga kan, ẹ̀ẹ̀kan péré tó bá dún nínú mẹ́fà, wọ́n á tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀ wá sí gíga tó kéré sí i. Àwọn kan wà tí joule 2 ti tó wọn. Kí kílò 1 já láti sẹ̀ǹtímítà 20 nìyẹn, ìyẹn kéré sí ohun tí ọwọ́ ọmọdé lè ju sílẹ̀! Ìwé ìlànà ní irú ẹ̀ ò gbọdọ̀ wọ mọ́tò bó ṣe wà yẹn láé.

Èyí tó kàn ló kan ọmọrí dúrọ́ọ̀mù yín. Wọ́n ní àwo tánganran kékeré kan tójú ẹ̀ ò dán, wọ́n á fi kẹ́míkà bín-ín-tín sórí ẹ̀, wọ́n á fi igi tánganran tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ á fa àwo náà lọ sẹ̀ǹtímítà kan, á fà á padà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n ń wá ni bí kẹ́míkà náà ṣe máa ṣe tí nǹkan líle méjì bá ń gbo ó láàárín, bí ìgbà téèyàn ń yí ọmọrí irin tí ìyẹ̀fun ti há sí lẹ́nu. Ilé ìwádìí ìjọba kan ní Berlin ní Jámánì tí wọ́n ń pè ní BAM, orúkọ wọn ni wọ́n fi ń pe òòlù yẹn àti ẹ̀rọ tánganran yìí títí dòní.

Ìgbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ ní lábù ọ̀dà kan, ìgò kan wà tí nǹkan ti gbẹ sí lẹ́nu. Mo mú síbí irin pé kí n fi họ ọ́ kúrò. Ọ̀gá mi ò pariwo, ó dìde níbi tó jókòó sí, ó wá dì mí lọ́rùn ọwọ́, ó rọra gba síbí náà, ó ní, "Fi ìgò yẹn sílẹ̀, jáde síta." Ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti wà nídìí kẹ́míkà nígbà yẹn.

Àyẹ̀wò tó wá dáhùn ọ̀rọ̀ ẹyín iná yín gan-an ni ti páìpù. Wọ́n á mú páìpù irin tí gígùn ẹ̀ jẹ́ mìlímítà 75, ìbú inú ẹ̀ 24, wọ́n á ro kẹ́míkà sí i, wọ́n á fi irin tó ní ihò kan ṣoṣo láàárín dé e, wọ́n á fi iná gáàsì mẹ́rin yí i ká nínú àpótí ààbò, gbogbo èèyàn á kúrò níbẹ̀. Ihò tó fẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, mìlímítà 20, èéfín á máa rọ́nà jáde. Tí ò bá bú, wọ́n á lo ihò tó kéré sí i, wọ́n á máa dín in kù bẹ́ẹ̀ títí tó fi máa kan mìlímítà 1. Páìpù tó bá fọ́ sí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó bú, ihò tó fẹ̀ jù tó ṣì bú níbẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ bó ṣe burú tó. Ṣakabùlà yẹn náà ni, wọ́n kàn ń wọn bí ẹnu ẹ̀ ṣe fún tó ni. Bàbá, lórí ẹyín iná, gbogbo ojú ọ̀run ni ihò tiyín, inú dúrọ́ọ̀mù ńkọ́?

Wọ́n tún máa ń fi kẹ́míkà sínú ẹ̀rọ gbígbóná ní dígírì 75 fún wákàtí 48 gbáko, torí ẹrù tó wà nínú kọ̀ńténà lójú oòrùn, ooru yẹn ò jìnnà sí i. Àwọn àyẹ̀wò ńlá tó kù, ìta gbangba ni wọ́n ti ń ṣe wọ́n, mi ò ní fi ìyẹn gbà yín lákòókò.

Ẹni tó bá sì sọ fún yín pé "a ti jó irú ẹ̀ rí, kò ṣe nǹkan kan", ẹ sọ ti Oppau fún un. Ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ kan ní Jámánì ni, òkìtì ajílẹ̀ tó ní ammonium nitrate nínú dì bí àpáta, dáínámáìtì kékeré ni wọ́n fi ń tú u, wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 20,000, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 1921, wọ́n tún ṣe é bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Èèyàn tó lé ní 500 ló kú, ihò tó gùn ju mítà 100 lọ ló ṣẹ́kù síbi tí òkìtì wà.

ÌBÉÈRÈ: Tíṣà kẹ́mísìrì ni mí ní Ẹ̀pẹ́. A ń gbá sítọ̀ lábù ilé ìwé wa, mo rí ìgò picric acid lẹ́yìn àpótí kan, ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbà mí. Ọmọrí ẹ̀ irin ni, hóró yẹ́lò ti yí ẹnu ẹ̀ ká. Ọ̀gá ilé ìwé ní kí n dà á sí gọ́tà. Èmi rò ó pé kí n ṣí i kí n da omi sí i ná, ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? (Tíṣà, Ẹ̀pẹ́)

ÌDÁHÙN: Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i. Omi tẹ́ ẹ rò yẹn, òótọ́ wà níbẹ̀, omi ló ń jẹ́ kó rọlẹ̀, àmọ́ ẹ ò lè da omi sí i láìyí ọmọrí, hóró tó sì há sẹ́nu ọmọrí yẹn gan-an ni àwo tánganran tí mo ń sọ fún Bàbá Rìdíwánù lókè.

Ẹ̀yin mọ orúkọ ẹ̀ kejì, trinitrophenol, nitro mẹ́ta bíi ti TNT, ìbátan ni wọ́n. Ìdí rere ni wọ́n fi máa ń rà á, àwọn lábù ilé ìwòsàn ń lò ó láti wo bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́. Tó bá ní omi tó tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú àwọn nǹkan tó ń gbiná ni ìwé ìlànà kà á sí. Tí omi ẹ̀ bá ti kéré sí ìyẹn, wọ́n kó o sáàárín àwọn tó ń bú ní tààràtà. Ìgò kan náà, lébẹ́ẹ̀lì kan náà, omi ló yàtọ̀. Ọmọrí irin wá dá kún un, torí picric acid máa ń mú irin di picrate, èyí sì máa ń tètè bínú ju òun fúnra ẹ̀ lọ, ìdí kan náà ni ẹ ò fi gbọdọ̀ dà á sí páìpù tàbí gọ́tà kankan. Ọkọ̀ ojú omi Mont-Blanc tó bú ní Halifax ní Kánádà lọ́jọ́ 6 oṣù kejìlá ọdún 1917, picric acid pọ̀ nínú ẹrù tó gbé, èèyàn tó lé ní 1,700 ló kú.

Ẹ ti sítọ̀ yẹn pa, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sí ara ilẹ̀kùn, kí kíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ṣí lọ síbòmíì lónìí, ẹ pe 767 tàbí 112, ẹ ní àwọn ọlọ́pàá tó mọ̀ nípa àdó olóró la fẹ́. Ẹ kọ létà fún ọ̀gá ilé ìwé, kó wà ní àkọsílẹ̀, torí tó bá tún ní kí ọmọ ilé ìwé kan lọ dà á nù ńkọ́? Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yín. Tẹ́ ẹ bá tún rí ìgò ether àtijọ́ níbẹ̀, ẹ má ṣí òun náà, tó bá pẹ́ nílẹ̀ ó máa ń bí peroxide tó lè bú sínú ara ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Àpò yúríà mẹ́rìnlá ló wà nínú yàrá tí mò ń kó irinṣẹ́ oko sí. Ṣé ó lè ṣe bíi ti Beirut? (Àgbẹ̀, Ẹ̀pẹ́)

ÌDÁHÙN: Rárá o, ẹ fọkàn balẹ̀. Ammonium nitrate, nǹkan bí tọ́ọ̀nù 2,750, ló bú ní Beirut ní Lẹ́bánónì lọ́jọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 2020, ó ti wà nílé ẹrù wọn fún ọdún púpọ̀. Yúríà ò ní ọ́síjìn tó máa fún iná. Ẹ kàn rí i pé yúríà ló wà lára àpò lóòótọ́, kí òjò má kàn án, kẹ́ ẹ má kó o síbi tẹ́ ẹ ń kó epo bẹntiróòlù sí.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà ní Àgbádárìgì. Kábáìdì ni wọ́n ń lò, ọ̀gá ẹ̀ á da omi sí i nínú táńkì, gáàsì á jáde. Mo ní kó ṣọ́ra, ó ní "màámi, kábáìdì ò lè bú, òòlù ni mo fi ń fọ́ ọ lójoojúmọ́." Ṣé òótọ́ ló sọ? (Ìyá Sènámì, Àgbádárìgì)

ÌDÁHÙN: Ìyá Sènámì, òótọ́ ló sọ nípa òòlù, irọ́ ló pa nípa bíbú. Kábáìdì gbígbẹ, ẹ lù ú títí, kò ní ṣe nǹkan kan, inú àwọn tó léwu tí omi bá kàn wọ́n ni wọ́n kà á sí. Tàwọn tá a ti ń sọ látòkè, gbígbẹ ni ewu wọn, ti kábáìdì, omi ni. Tí omi bá ti kàn án, acetylene ló ń jáde, gáàsì yẹn ló ń bú. Gáàsì ìdáná wa, tó bá pọ̀ jù tàbí kéré jù nínú afẹ́fẹ́ kò ní gbiná, nǹkan bí ìdá 2 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún ni ààyè tiẹ̀. Ti acetylene bẹ̀rẹ̀ láti ìdá 2.5, ó lọ títí dé 80, ìyẹn ni pé bó ṣe wù kó pò mọ́ afẹ́fẹ́ nínú táńkì yẹn, ó ṣeé ṣe kó bú. Tí wọ́n bá sì fún un mọ́ inú táńkì jù, ó lè tú ká fúnra ẹ̀ láìsí afẹ́fẹ́ rárá, ìdí nìyẹn tí sìlíńdà acetylene gidi fi ní acetone nínú, oje kan tí gáàsì náà ń yòrò sí, nǹkan tó rí bíi kànìnkànìn ló sì gbà á dúró.

Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù yẹn fúnra yín, kẹ́ ẹ kí ọ̀gá ẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ wá bi í ní nǹkan mẹ́ta. Ibo ni irinṣẹ́ tó ń dá iná padà kó má wọ inú táńkì wà lára rọ́bà yẹn? Ṣé kò sí páìpù kọ́pà níbì kankan tí gáàsì ń gbà, torí acetylene àti kọ́pà máa ń bí nǹkan tó ń bú? Ibo ni wọ́n ń kó kábáìdì sí tí òjò bá ń rọ̀? Tí ò bá rí ti àkọ́kọ́ yẹn fi hàn yín, kọ́mọ yín má dúró ti táńkì náà títí ó fi máa rà á.